Ara, ọkàn àti ìmọ̀ lọ́dọ̀ àwọn Bàbá Ìjọ: bí ẹ ṣe lè darí kíláàsì ọ̀sẹ̀ mẹ́fà n'Íbàdàn

Níbi ìsìnkú n'Íbàdàn, kì í pẹ́ kí oníwàásù tó sọ pé àgọ́ lásán ni ara, pé olóògbé ti bọ́ ọ sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti gba òmìnira. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ohun tí ìjọ ti ń kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó ti ìwé àwọn Bàbá Ìjọ, ìyẹn àwọn olùkọ́ àti òǹkọ̀wé Kristẹni ìgbà àtijọ́, láti nǹkan bí ọdún 150 títí dé 430, yóò rí i pé ibi tí wọn kò ti gbà fún ẹnikẹ́ni ni pé kí ara di ohun ìdànù. Ara tí Ọlọ́run fọwọ́ mọ ni yóò jí dìde. Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ pàápàá, bí a ṣe ń mọ ohun tí a mọ̀, ojú, etí àti ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé rẹ̀.

Ìwàásù kan ṣoṣo kò lè fi èyí yé èèyàn. Àfi kí wọ́n ka ìwé náà fúnra wọn, kí wọ́n jiyàn lé e lórí, kí wọ́n tún padà kà á. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ kó àwọn èèyàn jọ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ nínú ìjọ, ì báà jẹ́ láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì, ì báà jẹ́ ní pálọ̀ ẹnì kan ní Bódìjà.

Ohun tí ẹ ó pèsè sílẹ̀

Èèyàn mẹ́jọ sí méjìlá ló dáa jù. Bí wọn kò bá tó márùn-ún, ọjọ́ tí ẹni méjì bá lọ sí òde, kò sí kíláàsì mọ́. Bí wọ́n bá ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ẹni mẹ́ta ni yóò máa sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á máa wo fóònù. Ẹ má mú Sátidé, ìnáwó á kó ìdajì wọn lọ. Ẹ má sì mú ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, nítorí ebi á ti máa pa wọ́n. Ọjọ́bọ̀, aago márùn-ún sí mẹ́fà ààbọ̀, dáa: àwọn òṣìṣẹ́ Sẹkitéríàtì ti kúrò níbi iṣẹ́, ilẹ̀ kò sì tíì ṣú débi tí ẹ ó máa wá epo jẹnẹrétọ̀.

Ìwé tí ẹ ó kà lọ́sẹ̀ kan kò gbọdọ̀ ju ojú ewé mẹ́fà lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ante-Nicene Fathers àti Nicene and Post-Nicene Fathers, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni ló sì lè ṣe ẹ̀dà wọn. Ẹ da apá tí ẹ fẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ẹ lo lẹ́tà 12, ẹ jẹ́ kí etí ìwé fẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún kí àyè wà láti kọ nǹkan sí i, kí ẹ sì fi nọ́ńbà sí ìlà márùn-ún márùn-ún. Ẹ má fojú kéré nọ́ńbà yìí. Kíláàsì tí kò bá ní i, "ibo lẹ wà?" ni wọn yóò máa bi ara wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ wá gbé e lọ sí Àgbowó, níwájú géètì Yunifásítì, kí wọ́n bá yín ṣe fótókọ́pì rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì inú àwọn ìtumọ̀ yẹn ti gbó, gbólóhùn rẹ̀ sì gùn. Kí ẹni tó ń darí túmọ̀ ìlà bí ogún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó ṣe kókó sí Yorùbá kí ọjọ́ tó pé. Èyí ló ń gba àkókò jù nínú gbogbo ìpalẹ̀mọ́, òun náà ló sì ń ṣe kíláàsì láǹfààní jù, torí ẹ kò lè túmọ̀ ohun tí kò yé yín. Bí ẹ bá fẹ́ ìtumọ̀ tó jẹ́ tuntun, tàbí ìwé Gíríìkì àti Látìnì gan-an, ẹ kọ lẹ́tà sí ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn, sí Immanuel College ní Sàmọ́ńdà, sí àwọn Dominican tó wà ní àdúgbò kan náà, àti sí Ṣèmínárì Saints Peter and Paul ní Bódìjà. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà ṣáájú yín débẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ lẹ ọ̀rọ̀ Gíríìkì mẹ́fà àti Yorùbá wọn mọ́ ògiri kí gbogbo yín lè máa lò ó bákan náà: sōma (ara), sarx (ẹran ara), psychē (ọkàn), pneuma (ẹ̀mí), nous (làákàyè), gnōsis (ìmọ̀). Bí ìyàn bá ti orí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ògiri, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Bí wákàtí kan ààbọ̀ ṣe máa lọ

Kí olúkúlùkù la ojú ewé ìwé rẹ̀ sí òpó mẹ́rin. Òpó kìíní: ta ni òǹkọ̀wé yìí ń bá jà? Ìkejì: kí ló sọ nípa ara? Ìkẹta: kí ló sọ nípa ọkàn? Ìkẹrin: ọ̀nà wo ló ní a ń gbà mọ nǹkan?

Òpó kìíní ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kún, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fò ó. Àwọn Bàbá Ìjọ kì í ṣàdédé jókòó kọ̀wé nípa ènìyàn. Ẹnì kan ti sọ̀rọ̀ tó bí wọn nínú, wọ́n sì ń fèsì. Irenaeus ń fèsì fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn Valentinus, olùkọ́ tí ìjọ kà sí ẹlẹ́kọ̀ọ́ òdì, Tertullian ń bá Plato, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Gíríìkì, àti Hermogenes, tó ní inú èlò ayé ni ọkàn ti wá, wí, Augustine jà pẹ̀lú àwọn Mání, ẹlẹ́sìn tó ní iṣẹ́ òkùnkùn ni ara, tí òun fúnra rẹ̀ ti wà láàrin wọn rí. Ẹni tí kò bá mọ alátakò yóò mú gbólóhùn tí wọ́n fi gún ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sọ ọ́ di òfin ìjọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ kíláàsì ti ń ṣìnà, wọn kì í sì í mọ̀ pé àwọn ti ṣìnà.

Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ ẹni tí òǹkọ̀wé jẹ́ àti ẹni tó ń bá jà. Ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ka ìwé sókè lẹ́ẹ̀mejì, Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀kan, Yorùbá lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tó ń kà sì máa yí padà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú míì fún òpó mẹ́rin, ní ẹni méjì méjì. Ogún ìṣẹ́jú tó kù, ìbéèrè. Bí àkókò bá fẹ́ kéré, ẹ gé ìbéèrè kù, ẹ má gé kíkà.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: Irenaeus

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Augustine. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ka Augustine yóò máa gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Irenaeus gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu Polycarp ní Smyrna nígbà èwe rẹ̀, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní Lyons, ní ilẹ̀ Faransé òní. Ní nǹkan bí ọdún 180 ló kọ ìwé márùn-ún tó fi tako ẹ̀kọ́ òdì. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Valentinus ń kọ́ni pé ẹni kan tó rẹlẹ̀ sí Baba ló dá ayé tí à ń fojú rí, pé ẹran ara kò ní ìpín nínú ìgbàlà, pé ìmọ̀ ni ọ̀nà àbájáde fún àwọn tí irúgbìn ẹ̀mí wà nínú wọn.

Ìwé karùn-ún ni ẹ ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀: orí 2, 3, 6 àti 15, ní gígé kúkúrú. Nínú orí 2 ó béèrè bí ẹran ara tí a fi ara àti ẹ̀jẹ̀ Olúwa bọ́ ṣe lè jẹ́ ohun tí kò lè gba ìyè. Nínú orí 3 ó ka ẹ̀yà ara lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ ọwọ́ oníṣọ̀nà wò: ojú tó ń ríran, etí tó ń gbọ́ràn, ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́, iṣan tó so ẹ̀yà pọ̀, òpójẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Ẹni tó ti inú erùpẹ̀ ṣe gbogbo èyí nígbà tí kò sí rárá, ó ní kí ni yóò nira fún un nínú kíkó wọn jọ lẹ́ẹ̀kejì?

Orí 15 ni kí ẹ pẹ́ lé lórí jù. Irenaeus gbé ìtàn afọ́jú inú Jòhánù 9 wá síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni Jésù fi wo ọ̀pọ̀ èèyàn sàn, kí ló dé tó fi tutọ́ sílẹ̀, tó po amọ̀, tó fi kun ojú eléyìí? Irenaeus dáhùn pé ọwọ́ tó mọ Ádámù látinú ilẹ̀ ni Jésù ń fi hàn. Ohun tí ọwọ́ náà fi sílẹ̀ láìṣe nínú oyún, ó parí rẹ̀ ní gbangba kí iṣẹ́ Ọlọ́run lè hàn. Kí ẹnì kan ka Jẹ́nẹ́sísì 2:7 sókè, kí ẹlòmíràn ka Jòhánù 9:6 tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìgbà tí kíláàsì bá gbọ́ erùpẹ̀ àkọ́kọ́ àti amọ̀ ìkejì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òpó ìkejì á kún láìjẹ́ pé ẹ ti ẹnikẹ́ni.

Orí 6 ni ìjà máa ń wà. Irenaeus sọ níbẹ̀ pé ẹran ara, ọkàn àti Ẹ̀mí ló para pọ̀ di ènìyàn pípé. Ẹnì kan á ṣí 1 Tẹsalóníkà 5:23 láti fi hàn pé mẹ́ta ni ènìyàn. Ẹlòmíràn á ṣí Mátíù 10:28 láti fi hàn pé méjì ni. Kí ẹ tó mọ̀, ẹ ti ní ẹgbẹ́ onímẹ́ta àti ẹgbẹ́ oníméjì. Ẹ tètè là á: Ẹ̀mí tí Irenaeus ń sọ, Ẹ̀mí Baba ni, tí a tú sórí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ. Ẹni tí kò bá ní i ṣì ní ara àti ọkàn, ṣùgbọ́n kò tíì pé. Kò sí ẹni tí Irenaeus ń kọ́ ní ìṣirò. Àwọn tó ní kí ẹran ara jáde kúrò nínú ìgbàlà ló ń dá lóhùn.

Ẹ jẹ́ olóòótọ́ sí alátakò pẹ̀lú. Lọ́dún 1945, wọ́n rí ìwé àwọn onímọ̀ àṣírí wọ̀nyẹn ní Nag Hammadi ní ilẹ̀ Íjíbítì, ìdìpọ̀ 13. Ọ̀kan nínú wọn, lẹ́tà kékeré tí wọ́n kọ sí Rheginos lórí àjíǹde, kò ju ojú ewé díẹ̀ lọ. Òǹkọ̀wé rẹ̀ kò sọ pé irọ́ ni àjíǹde. Ohun tó sọ ni pé ayé yìí gan-an ló jọ àlá jù ú lọ. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp kí wọ́n kà á nílé. Yóò gbà yín lọ́wọ́ àṣà pípe ẹni tí ẹ kò kà rí ní òmùgọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì: Tertullian, pẹ̀lú ife omi kan

Ará Kátéèjì ni Tertullian, ní ilẹ̀ Tùnísíà òní, nǹkan bí ọdún 210 ló sì kọ ìwé rẹ̀ lórí ọkàn. Iye orí inú rẹ̀ jẹ́ 58. Ẹ mú orí 7, 17 àti 27.

Orí 7 á ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Ó ní ọkàn ní ara tirẹ̀, irú ara tó yàtọ̀ sí ti gbogbo nǹkan yòókù. Ẹ̀rí rẹ̀ ni Lúùkù 16:24: ọlọ́rọ̀ tó wà nínú iná ní ahọ́n, ó ń wo ìka Lásárù, ó ń fẹ́ ẹ̀kán omi kan. Ohun tí kò bá ní ara rárá, báwo ni iná ṣe máa jó o? Ọ̀dọ̀ àwọn Sítóìkì, ẹgbẹ́ onímọ̀ ọgbọ́n orí kan ní ilẹ̀ Gíríìkì, àti ọ̀dọ̀ Soranus oníṣègùn ló ti kó púpọ̀ nínú èrò yìí. Ìjọ lápapọ̀ kò tẹ̀ lé e níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fò ó. Ó ń fi hàn yín pé àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ kò ní ìmọ̀ kan ṣoṣo lórí ohun tí ọkàn jẹ́, àti pé èèyàn lè di ìgbàgbọ́ mú gírígírí kó sì tún máa wádìí. Nínú orí 27, ó ní àkókò kan náà ni a lóyún ara àti ọkàn, ọ̀kan kò ṣáájú èkejì.

Orí 17 ni ẹ nílò ife fún. Plato àti àwọn ọmọ Akadémì, ilé ẹ̀kọ́ tó dá sílẹ̀, ní ojú àti etí máa ń tan ni jẹ. Àpẹẹrẹ tí gbogbo èèyàn ń mú ni àjẹ̀ ọkọ̀ tó gún, àmọ́ tó dà bí ẹni pé ó ṣẹ́ nínú omi. Ẹ mú ife gíláàsì tó mọ́ gaara, ẹ má lo ife rọ́bà aláwọ̀. Ẹ bu omi sí i dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹ ti bírò bọ̀ ọ́ ní ìdagun, kí orí rẹ̀ sinmi létí ife. Bí ẹ bá nà án ró ṣánṣán, ohun tó ń yí ojú padà kò ní hàn dáadáa, àwọn èèyàn á sì máa wo ara wọn. Ẹ gbé ife sí ibi tí ó bá ojú dọ́gba, kí wọ́n wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́.

Kí ẹ tó ka ìwé, ẹ bi wọ́n pé: ojú yín purọ́ àbí kò purọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ka èsì Tertullian: ojú kò ṣẹ̀, omi ni okùnfà. Bí omi kò bá sí níbẹ̀, àjẹ̀ á hàn gún. Ojú jẹ́ ohun tó rí bí ó ti rí i, èrò tó kù díẹ̀ káàtó ló ń dá ojú lẹ́bi. Augustine mú àjẹ̀ kan náà lọ́dún 386 nígbà tó ń kọ̀wé tako àwọn Akadémì, ó sì tẹ̀ síwájú: bí àjẹ̀ bá hàn gún nínú omi, ìgbà náà gan-an ni òun yóò bá ojú òun wí.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi gbóná lọ́kàn Tertullian wà ní ìparí orí náà, ẹ má jẹ́ kí àkókò tán kí ẹ tó débẹ̀. Bí a kò bá lè gba ẹ̀rí ojú, etí àti ọwọ́ gbọ́, kí la fẹ́ ṣe sí ohùn Baba tí wọ́n gbọ́ láti ọ̀run, sí wáìnì tí wọ́n tọ́ wò, sí ohun tí Jòhánù ní àwọn fi ojú rí, tí ọwọ́ àwọn sì dì mú nínú 1 Jòhánù 1:1? Ọwọ́ àwọn tó fi ara wọn wà níbẹ̀ ni ìhìnrere ti bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ẹni tó bá pẹ̀gàn ara ti gé ẹ̀ka tí ìmọ̀ rẹ̀ jókòó lé.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: Clement

Ọ̀sẹ̀ yìí fúyẹ́. Clement ti Alẹkisáńdíríà gba ọ̀rọ̀ "ìmọ̀" padà lọ́wọ́ àwọn tó sọ ọ́ di àṣírí. Ẹ ka iṣẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Stromata, ìwé 7 orí 10: ìgbàgbọ́ ni ìmọ̀ ṣókí nípa ohun tó pọn dandan, ìmọ̀ ni ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ fún ohun tí a ti fi ìgbàgbọ́ gbà. Ẹ fi ìwé 4 orí 26 tì í, níbi tó ti sọ pé ọkàn kò di rere nítorí pé ó jẹ́ ọkàn, bẹ́ẹ̀ ni ara kò di búburú nítorí pé ó jẹ́ ara.

Ẹnì kan á fẹ́ ka ìwé 3, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti ìbálòpọ̀ wà. Bó bá ṣí i nínú Ante-Nicene Fathers, Látìnì ni yóò bá. Ojú ti àwọn atúmọ̀ ìgbà náà, wọn kò kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wá ìtumọ̀ tuntun fún un.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin: Origen, àti ìbéèrè àtúnwáyé

Ẹ múra ọ̀sẹ̀ yìí ju gbogbo ìyókù lọ. Ní ilẹ̀ tí a ti ń sọ ọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé, kíláàsì yóò gbọ́ pé Origen, olùkọ́ ìjọ kan láti Alẹkisáńdíríà, ní ọkàn ti wà kó tó wọ ara, wọn yóò sì parí ọ̀rọ̀ fúnra wọn pé ó gbà pé èèyàn ń tún ayé wá. Kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó kọ́ nínú ìwé rẹ̀, Àwọn Ìpilẹ̀ṣẹ̀ (De Principiis), ni pé Ọlọ́run dá àwọn ẹ̀dá onílàákàyè ní ọgbọọgba, pẹ̀lú òmìnira, pé ìfẹ́ wọn sí Ọlọ́run tutù díẹ̀díẹ̀, àti pé títutù yìí ló sọ làákàyè di ọkàn, èyí tí ẹ óò rí nínú ìwé 2 orí 8. Ọlọ́run wá fún wọn ní ara àti ayé níbi tí wọn yóò ti gba ẹ̀kọ́ padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ara gẹ́gẹ́ bí ibi ẹ̀kọ́, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí òpó ìkejì. Nípa kí ọkàn máa ti ara kan bọ́ sí òmíràn, ẹ ka ìwé 13 nínú àlàyé rẹ̀ lórí Mátíù, orí 1. Ìbéèrè ibẹ̀ ni bóyá ọkàn Èlíjà ló wà nínú Jòhánù Onítẹ̀bọmi. Origen ní rárá: nínú ẹ̀mí àti agbára Èlíjà ni Jòhánù wá, gẹ́gẹ́ bí Lúùkù 1:17 ti wí, kì í ṣe pẹ̀lú ọkàn Èlíjà. Ẹ ṣe ẹ̀dà ojú ewé yìí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kà á kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Bí ẹ bá dúró de ìbéèrè, ìtàn ìdílé oníkálukú ni yóò gba ogún ìṣẹ́jú tó kù.

Ìkìlọ̀ kan wà lórí Àwọn Ìpilẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀. Gíríìkì rẹ̀ ti sọnù, yàtọ̀ sí apá kan. Látìnì tí Rufinus túmọ̀ ní òpin ọ̀rúndún kẹrin la fi ń kà á, Rufinus sì sọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ pé òun tún ibi tó fura sí ṣe. Lọ́wọ́ kejì, àwọn ọ̀tá rẹ̀ ló yan púpọ̀ nínú gbólóhùn líle tí wọ́n fi ń bá Origen wí: ìwé àṣẹ ọba Justinian lọ́dún 543, tí ìdálẹ́bi ìgbìmọ̀ ọdún 553 sì tẹ̀ lé, ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa sọ ibi tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ti wá: "Rufinus ló gbé e dé" tàbí "Justinian ló gbé e dé." Ẹni tí wọ́n fìyà jẹ títí ara rẹ̀ fi bà jẹ́ nítorí ìgbàgbọ́, nígbà inúnibíni Decius, ọba Róòmù, yẹ lẹ́ni tí a ń gbọ́ tẹnu rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún: Gregory ti Nyssa

Gregory, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Nyssa ní ilẹ̀ Tọ́kì òní, kọ̀wé rẹ̀ lórí dídá ènìyàn ní nǹkan bí ọdún 379, lẹ́yìn ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Basil. Iye orí inú rẹ̀ jẹ́ 30. Ẹ mú orí 8, 12, 28 àti 29. Orí 8 dùn láti kà sókè. Gregory ní torí pé ènìyàn ní ọwọ́ ló ṣe lè sọ̀rọ̀. Ẹranko tí kò ní ọwọ́ ń fi ẹnu já koríko, ẹnu rẹ̀ sì nípọn fún iṣẹ́ náà. Ọwọ́ ló gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ẹnu tiwa, tí ẹnu fi ráyè fún ọ̀rọ̀. Ẹ ní kí ẹnì kan fi eyín di ìwé rẹ̀ mú, kó gbìyànjú láti ka Sáàmù 23 sókè. Kò sí ẹni tí yóò gbàgbé ohun tí Gregory ń sọ lẹ́yìn èyí: a ṣe ara bí ó ti rí nítorí làákàyè.

Nínú orí 12, ó kọ̀ láti fi làákàyè sí ibì kan pàtó. Àwọn kan ní ọkàn-àyà ni, àwọn kan ní ọpọlọ ni. Ó gbà pé àìsàn orí máa ń da èrò rú, ṣùgbọ́n ó ní gbogbo ara ni làákàyè fi ń ṣiṣẹ́, ní ọ̀nà tí a kò lè sọ tán. Orí 28 àti 29 ni èsì rẹ̀ sí ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá: ọkàn kò ṣáájú ara, ara kò sì ṣáájú ọkàn. Ẹ gbé òpó ti ọ̀sẹ̀ kẹrin àti ti karùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Gregory fẹ́ràn Origen, síbẹ̀ ó já a níbí.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà: Augustine

Ẹ pín bébà pélébé fún wọn, kí olúkúlùkù kọ ọ̀rọ̀ yìí látinú Mátíù 22:39: Fẹ́ ọmọnìkejì rẹ bí ara rẹ. Kí wọ́n wo ohun tí wọ́n kọ. Lẹ́tà wà níbẹ̀, ojú ló rí i. Kí wọ́n dijú, kí wọ́n ronú kan ọmọnìkejì kan tí kò sí nínú yàrá, ìyá tó wà ní Ọ̀yọ́ tàbí ọ̀rẹ́ tó wà l'Ékòó. Wọ́n rí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ló fi hàn wọ́n. Nísinsìnyí ẹ béèrè: ìfẹ́ tí gbólóhùn náà ń sọ, kí ni ẹ fi rí i? Kò ní àwọ̀, kò ní àwòrán, síbẹ̀ ó yé wọn.

Àpẹẹrẹ Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, fúnra rẹ̀ nìyí, nínú ìwé kejìlá àlàyé rẹ̀ lórí Jẹ́nẹ́sísì, níbi tó ti ń wá ohun tí Pọ́ọ̀lù rí ní ọ̀run kẹta. Ìran mẹ́ta wà nínú kíka gbólóhùn kan: ti ara, ti ẹ̀mí, èyí tó ń mú àwòrán ohun tí kò sí níwájú wa wá, àti ti òye. Ti ara lè mú wa ṣìnà bí a bá kánjú dájọ́, ti àwòrán bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá yé ni nítòótọ́, òótọ́ ni. Ìwé yìí kò sí nínú Nicene and Post-Nicene Fathers, ẹ wá ìtumọ̀ tuntun fún ojú ewé méjì yìí. Ṣíṣe ìdárayá náà kí ẹ tó kà á ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ìran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á há a sórí, á sì gbàgbé rẹ̀.

Nínú kíláàsì yìí ni ẹnì kan máa ń pariwo pé, "Ṣé ẹ rí i, Augustine ti padà sọ́dọ̀ Plato!" Ó kó púpọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Plato, kò fi pa mọ́. Ẹ kàn ṣí Ìlú Ọlọ́run, ìwé 22, ẹ fi hàn án pé àjíǹde ara ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ dá lé. Bí wọ́n bá sì béèrè ibi tí ọkàn ọmọ tuntun ti ń wá lọ́wọ́ Augustine, ẹ sọ òtítọ́ fún wọn: ó to èrò mẹ́rin kalẹ̀, kò yan ọ̀kankan, nígbà tó sì di arúgbó tó ń yẹ gbogbo ìwé rẹ̀ wò, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò tíì mọ̀. Ẹ jẹ́ kí òpó náà ṣófo.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kún un

Nemesius ni kí ẹ mú. Bíṣọ́ọ̀bù Emesa ni, Homs ti Síríà òní, ní òpin ọ̀rúndún kẹrin, ó sì kọ ìwé lórí ohun tí ènìyàn jẹ́ tó kún fún ìmọ̀ ìṣègùn Galen, oníṣègùn Gíríìkì àtijọ́. Ó fi ìrò àwòrán sí ihò iwájú ọpọlọ, ó fi ríronú sí ti àárín, ó fi ìrántí sí ti ẹ̀yìn. Ẹ̀rí tó mú wá ni àwọn tó farapa: bí ti iwájú bá bà jẹ́, ojú àti etí á ṣìṣe ṣùgbọ́n èrò á dúró, bí ti àárín bá bà jẹ́, èrò á dàrú nígbà tí ojú ṣì ń ríran dáadáa, bí ti ẹ̀yìn bá bà jẹ́, ìrántí nìkan ló ń lọ.

Ẹ pe nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kan tó ti tọ́jú àwọn tó ní rọpárọsẹ̀ wá sí kíláàsì lọ́jọ́ náà, UCH kò jìnnà. Ẹ fún un ní ojú ewé Nemesius ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí ó sàmì sí ibi tí ìmọ̀ òde òní ti gbà pẹ̀lú rẹ̀ àti ibi tí ó ti yàtọ̀. Ẹ má ní kó wàásù. Kó sọ ohun tó rí lára àwọn aláìsàn, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, kí kíláàsì sì máa kún òpó ìkẹrin bó ṣe ń sọ ọ́.